Ohun tí fídíò lè ṣe fún àkàyé èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Ẹ gbé àyọkà fún un, á kà á geerege láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ á já gaara, kò ní kọsẹ̀, bó bá dé ibi tí kọ́mà wà á dánu dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ni ohun tó kà yẹn ń sọ, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Á tún padà sínú ìwé, á wá gbólóhùn tí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ìbéèrè yín wà nínú rẹ̀, á wá kà á sí yín létí bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí i, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ kí olùkọ́ tó fura.

Tìtorí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo fídíò nínú iṣẹ́ àkàyé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi dá wọn lára yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn máa ń yá sí i. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá mo lè fún wọn ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ṣí ìwé. Mo ti rí ibi tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì ti rí ibi tí kò ti ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Méjèèjì ni mo fẹ́ sọ níbí.

Ní 1986, Philip Gough àti William Tunmer, àwọn olùwádìí nípa ìwé kíkà, ṣe àlàyé kan tí mi ò tíì rí èyí tó là mí lójú tó o. Wọ́n ní ohun méjì ló ń bí ìwé tí a kà tó sì yé wa: ká lè pe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, àti kí èdè náà fúnra rẹ̀ yé wa bí a bá gbọ́ ọ. Wọn ò ní ká ro méjèèjì pọ̀, ìsọdipúpọ̀ ni wọ́n sọ. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo náà ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́, ì báà jẹ́ pé èkejì pọ̀ bí òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń sọ yìí ti ní ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ẹ lè máa fún un ní ìwé kún ìwé pé kó máa kà á sókè, ohùn rẹ̀ ló máa dára sí i. Ibòmíràn ni àìní rẹ̀ wà.

Àìní yẹn sì kọjá ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan. Ní 1988, Donna Recht àti Lauren Leslie fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ní àyọkà kan nípa eré baseball. Àwọn tí ìwé kíkà kò rọrùn fún, àmọ́ tí wọ́n mọ eré náà dunjú, rántí ohun tí wọ́n kà, wọ́n sì rò ó fúnni ju àwọn tó mọ̀wé kà dáadáa tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa eré náà. Ohun tí èèyàn bá ti mọ̀ kó tó dé ìdí ìwé ló máa ń fi gbá ohun tó wà nínú ìwé mú. Ọmọ tó ń kọ́ èdè tuntun sì sábà máa ń bá àyọkà pàdé lórí ohun tí kò rí rí, tí kò gbọ́ rí, lédè tí kò tíì gbọ́ tán. Ẹrù méjì ló gbé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibẹ̀ gan-an ni fídíò ti ń wúlò. Paul Nation, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣírò rẹ̀ ní 2006 pé ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn tàbí ìwé ìtàn láìsí olùrànlọ́wọ́ nílò ìdílé ọ̀rọ̀ bíi 8,000 sí 9,000 (ọ̀rọ̀ kan àti àwọn tó yọ jáde lára rẹ̀ ni ìdílé kan), àmọ́ fún ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ lẹ́nu, bíi 6,000 sí 7,000 ni. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe tó. Bí àwòrán bá tún wá ń ṣàlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ kò tíì pọ̀ náà lè rí nǹkan dì mú. Fídíò jẹ́ ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà mọ ohun tí àyọkà kà sí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀kọ́ kan ṣàpẹẹrẹ, torí òun ni mo sábà máa ń lò. Àyọkà náà dá lórí bí kòkòrò oyin ṣe ń jó. Karl von Frisch, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló tú àṣírí ijó náà, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973. Kò sí ọ̀rọ̀ líle púpọ̀ nínú àyọkà ọ̀hún. Ó ní bí oyin bá rí òdòdó, á padà sílé, á jó, àwọn tó kù á wò ó, wọ́n á sì mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, síbẹ̀ ó rú wọn lójú. Ọ̀kan bi mí pé, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó máa ń dìde dúró ni?” Ìbéèrè gidi ni. Kò rí i rí, ìwé náà kò sì bìkítà láti sọ bó ṣe rí, torí ẹni tó kọ ọ́ gbà pé ẹni tó máa kà á ti rí i níbì kan.

Mo wá fídíò kan tí kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo pa ohùn rẹ̀. Lójú àwòrán, oyin kan wà lórí afárá oyin tó dúró lóòró, ó ń rìn lọ síwájú, ó ń gbọn ìdí rẹ̀ rìrì, ó yí sápá ọ̀tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó tún rìn ọ̀nà kan náà, ó ń gbọn ìdí, ó wá yí sápá òsì. Àwọn mìíràn kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé e. A wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan kan lédè Gẹ̀ẹ́sì á fi ọwọ́ júwe rẹ̀, èmi á sì kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó. Nígbà tí wọ́n rò ó tán, mo bi wọ́n pé kí ló dé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Fídíò náà kò sọ.

Ìgbà yẹn ni mo pín ìwé. Àyọkà sọ pé bí oyin bá gbọn ìdí tó sì dojú kọ òkè tààrà lórí afárá, ìhà ibi tí oòrùn wà ni oúnjẹ wà. Bó bá yẹ̀ sápá ọ̀tún òkè ní digírì 40, kí wọ́n fò yẹ̀ sápá ọ̀tún oòrùn ní digírì 40. Bó bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu gbígbọn ìdí náà ni ọ̀nà ṣe jìn tó. Mo rí wọn tí wọ́n ń fi ìka tọ gbólóhùn, tí wọ́n ń padà sí ìlà tí wọ́n ti kà kọjá, tí wọ́n ń ya ilà sínú ìwé. Wọ́n ní kí n tún fídíò náà gbé sí i, lọ́tẹ̀ yìí kí wọ́n lè wo ibi tí oyin kọjú sí. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́, ó ní bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló dojú kọ, a jẹ́ pé òdòdó náà wà ní òdìkejì oòrùn nìyẹn.

Gbólóhùn yẹn kò sí nínú àyọkà. Kò sí nínú fídíò. Òun ló fi méjèèjì pọ̀ tó fi bí i. Ohun tí mò ń pè ní àkàyé nìyẹn, kì í ṣe kéèyàn ka gbólóhùn onígbólóhùn padà fún olùkọ́.

Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti rí ohun tí mo fi ń ṣa fídíò dòní. Fídíò tó dára fún iṣẹ́ àkàyé gbọ́dọ̀ fi ohun kan sílẹ̀ fún ìwé láti sọ. Ọ̀pọ̀ fídíò ẹ̀kọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe kí ẹni tó bá wò ó má baà nílò ìwé mọ́. Wọ́n dára fún ohun tí wọ́n ṣe wọ́n fún. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbọ́ gbogbo ìdáhùn lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, kí ló tún fẹ́ wá lọ sínú àyọkà? Á kàn rántí ohun tó gbọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, á gba máàkì, ojú rẹ̀ kò sì ní kan ìwé. Olùkọ́ tó ń máàkì á rò pé ìwé kíkà ń tẹ̀ síwájú. Nítorí náà, bí a bá wo fídíò tán, kí n tó pín àyọkà, mo máa ń bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè tí mo ti kọ fún àyọkà náà. Èyí tí wọ́n bá ti lè dáhùn, mo máa ń yọ ọ́ kúrò. Ìbéèrè tó kù ni ti àkàyé.

Ìgbà tí a máa lò ó náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan máa ń fi fídíò pamọ́ dẹ̀yìn, bíi ẹ̀bùn fún ẹni tó bá ka ìwé tán. Ní 1972, John Bransford àti Marcia Johnson ka àyọkà kan tó ṣókùnkùn sí àwọn èèyàn létí, nípa bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ, láìdárúkọ aṣọ níbẹ̀ rárá. Àwọn tí wọ́n ti sọ fún ṣáájú pé aṣọ fífọ̀ ni wọ́n ń sọ lóye rẹ̀, wọ́n sì rántí púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n sọ fún lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ọ tán kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí wọn kò sọ fún rárá. Ohun tí mo rí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá èyí mu. Fídíò tó ṣáájú ìwé ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìwé. Èyí tó bá gbẹ̀yìn wúlò kìkì bí wọ́n bá tún máa padà ka ìwé náà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe jẹ́ kí wọ́n wo ti oyin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú àyọkà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ fídíò ńkọ́? Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ láàárín àwa olùkọ́. Richard Mayer, tó ti ṣèwádìí púpọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń fi àwòrán àti ohùn kẹ́kọ̀ọ́, rí i pé bí ohùn bá ń ṣàlàyé àwòrán, tí wọ́n sì tún kọ ọ̀rọ̀ kan náà sójú rẹ̀, ó lè dí ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa lọ́wọ́, torí ojú kan kò lè wà níbi méjì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣì ń kọ́ èdè yàtọ̀. Létí tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì máa ń ya lọ bí omi, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà máa ń là á fún un. Ní Íńdíà, Brij Kothari ló dábàá rẹ̀ ní 1996 pé kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ orin sábẹ́ orin lórí tẹlifíṣọ̀n ní èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́, kí àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa lè máa fi ojú tọ ohun tí etí wọn ń gbọ́. Èdè tiwọn ni wọ́n ń kà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ojú àti etí kan náà ni.

Bí mo ṣe ń lò ó rèé. Ẹni tí kò tíì lè yára pe ọ̀rọ̀, mo máa ń pa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fún un nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò lè sọ ọ̀rọ̀ tó 150 ní ìṣẹ́jú kan, kò sí bí ọmọ tó ṣì ń pe ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè lé e bá. Á pàdánù àwòrán, á tún pàdánù ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tó bá ti mọ ohun tí fídíò dá lé lórí, mo lè tan ọ̀rọ̀ náà padà, kí n sì dín eré fídíò kù sí 0.75, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ní èdè abínibí wọn, èmi ò kà á léèwọ̀ bí àwọn kan ṣe ń kà á. Bó bá jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n kàn mọ ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó kàwé, ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ etí wọn kò ní sí nídìí Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ojú wọn á ti lọ síbi tó rọrùn, nítorí náà mi ò ní sọ pé wọ́n fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra rẹ̀ sábẹ́ fídíò, bí èyí tí YouTube bẹ̀rẹ̀ ní 2009, máa ń ṣi orúkọ kọ, ó sì lè wá láìsí àmì kankan. Dandan ni kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Síbẹ̀ àìsí àmì yẹn ti di irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń da ìpínrọ̀ kan kọ látinú rẹ̀, mo máa ń tún àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣì ṣe, mo sì máa ń fún wọn láìsí kọ́mà, láìsí àmì ìdánudúró, pé kí wọ́n fi síbi tó yẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé kò ní mọ ibi tí gbólóhùn parí sí, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n kà sókè tó. Mi ò mọ ìdánwò tó kúrú jùyẹn lọ tó ń tètè fi àìgbọ́ye hàn.

Mo wá dé ibi tí mo rò pé a kì í sọ̀rọ̀ tó lé lórí. Àwòrán lè fi òkè hàn, ó lè fi sísáré hàn, ó lè fi fífọ́ àti jíjó hàn. Kò sí àwòrán tó lè fi “although” hàn. Kò sí ti “unless”, kò sí ti “therefore”. Àwọn ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kéékèèké yìí sì ni ìdè tó so àyọkà pọ̀, bí wọ́n bá já, gbogbo ohun tó kù á fọ́n ká. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wo fídíò oyin máa rí oyin nínú ilé wọn, á tún rí wọn níta nínú oòrùn. Ẹ wá gbé gbólóhùn mẹ́ta yìí síwájú rẹ̀: “The bees stay inside because the air is cold.” “The bees stay inside unless the air is warm.” “The bees stay inside although the air is warm.” Àwọn àwòrán kan náà ló máa wà lọ́kàn rẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan sọ ìdí, ọ̀kan sọ ohun tó lè mú kí wọ́n jáde, ìkẹta sọ ohun ìyanu kan tó yẹ kéèyàn béèrè ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ àwòrán nìkan ló gbára lé, á rò pé òun ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yé.

Torí bẹ́ẹ̀, mo máa ń dá fídíò dúró níbi méjì, mo máa ń tẹ àwòrán méjèèjì jáde tàbí kí n yà wọ́n sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì máa ń ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kan so wọ́n. Lẹ́yìn náà, mo máa ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àsopọ̀ yẹn, mo sì máa ń bi wọ́n pé kí ló yí padà. Ó máa ń gba àkókò. Àwọn kan máa ń bínú pé a ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí a bá ti ṣe é fún sáà kan, mo máa ń rí i nínú ìwé kíkà wọn: wọ́n á dé ibi “although”, wọ́n á rọra, ojú wọn á padà sẹ́yìn, wọ́n á mọ̀ pé ohun tó ń bọ̀ kò ní bá ohun tó ti kọjá mu. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé apá wo nínú iṣẹ́ fídíò yìí ni mi ò lè fi sílẹ̀, apá yìí ni.

Ní ti gígùn, fídíò kúkúrú ni kẹ́ ẹ lò. Ohun tí ń lọ lójú fídíò kì í dúró, bí ìwé ṣe ń dúró de òǹkàwé. Bí ó bá gùn, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ máa dá a dúró kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹ wà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣáájú ọjọ́ ẹ̀kọ́, kí íntánẹ́ẹ̀tì má baà já yín kulẹ̀ láàárín iṣẹ́. Fún àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ èdè, ẹ má fi fídíò ọmọdé hàn wọ́n nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ rọrùn, ó máa ń dùn wọ́n. VOA, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1959 fún irú wọn, níbi tí wọ́n ti ń rọra sọ̀rọ̀ nígbà náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi 1,500 péré, lórí ìròyìn ayé bó ṣe ń lọ. Èèyàn lè fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn sọ ọ̀rọ̀ àgbà.

Bí sáà bá ń lọ, mo máa ń dín fídíò kù. Lẹ́yìn ti oyin, mo lè fún wọn ní àyọkà nípa bí èèrà ṣe ń fi òórùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà kí àwọn tó kù lè tẹ̀ lé e, láìsí fídíò kankan. Wọ́n ti mọ̀ pé kòkòrò lè júwe ọ̀nà fún ara wọn, ìmọ̀ yẹn á gbé wọn wọlé. Mo máa ń wò ó bóyá wọ́n á bi ara wọn ní ohun tí mo máa ń bi wọ́n bí a bá dá fídíò dúró. Bí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á tún jìnnà díẹ̀ sí ohun tí a ti wò. Bí wọ́n bá sì dúró sójú kan ní ìpínrọ̀ kejì tí wọ́n ń béèrè fídíò, a ó padà sí i fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú èyí tó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.